Fóònù ilé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà: Ooma, oníkébù, magicJack, Vonage àbí Google Voice, èwo ni ká mú?

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Màmá tàbí Bàbá wá láti ilé pé kí wọ́n wá bá yín wo ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ó ti tó ẹni mẹ́rin tó bi mí léèrè lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé fóònù ilé wo lo ń lò, èló lò ń san, ṣé ó ń lọ sí Nàìjíríà dáadáa, mo wá ní kí n kúkú jókòó kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbẹ́ Houston ní Texas là ń gbé. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa, ẹni ọdún 76 ni wọ́n, àwọn ni wọ́n máa ń wà nílé pẹ̀lú ọmọ wa méjèèjì tá a bá ti lọ síbi iṣẹ́. Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí tí mo fi ń wò ó, torí ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ wa máa ń yan fóònù ilé bí ẹni pé àwa la fẹ́ lò ó. Àwa kọ́ o. Àwa ní fóònù lápò. Fóònù ilé, ti ẹni tí kò ní fóònù lọ́wọ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú ilé pẹ̀lú ìyá àgbà, àti ìyá àgbà fúnra wọn tí Android wọn ti kú sábẹ́ ìrọ̀rí láti àná tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ojú àwọn méjèèjì yẹn wò ó, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi kọ́ńpìnì máa yàtọ̀, "èló ni lóṣù" kọ́ ló máa ṣíwájú.

Wáyà àtijọ́ àti àpótí ìsinsìnyí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá NITEL láyé, ẹ máa rántí fóònù pálọ̀ yẹn, èyí tí àwọn bàbá wa máa ń fi àgádágodo tì lójú kí ọmọ má bàa fi pe ọ̀rẹ́. NEPA á múná lọ, gbogbo àdúgbò á ṣókùnkùn, fóònù yẹn á ṣì máa dún. Ìdí ni pé inú wáyà bàbà yẹn náà ni iná tiẹ̀ ń gbà wọlé láti ilé iṣẹ́ wọn, bíi volt 48, kò bá NEPA da nǹkan kan pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà ilé ní Amẹ́ríkà rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ wáyà bàbà ti ń kógbá sílé. AT&T, tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wáyà bàbà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, kéde ní December 2024 pé àwọn fẹ́ kúrò lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kí ọdún 2029 tó parí, California nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun á máa lo ìlà àtijọ́ lọ, kó yáa ti máa wo ibòmíì.

Ohun tó rọ́pò ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní VoIP. Àpótí kékeré kan ni, ẹ máa fi wáyà so ó mọ́ router, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, ẹ máa ki fóònù ilé lásán bọ ihò ẹ̀yìn ẹ̀, ohùn yín á di dátà, á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù tẹ́ ẹ ti ní nílé tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa lò, kódà èyí tí bọ́tìnì ẹ̀ tóbi tí Màmá fẹ́ràn yẹn. Ṣùgbọ́n tíná bá lọ, fóònù náà lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú, fóònù dákú. Ibẹ̀ ni wàhálà ẹ̀ wà, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

911 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n

Ní 2005 ni FCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, pàṣẹ pé kọ́ńpìnì VoIP tó bá ń fún èèyàn ní ìlà tó ń pè jáde tó sì ń gba ìpè wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ooma, Vonage, magicJack, oníkébù (ìyẹn kọ́ńpìnì tó ń fi kébù gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé), gbogbo wọn ló ní i. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé 911 orí VoIP kò mọ ibi tẹ́ ẹ wà, àdírẹ́sì tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìlà àtijọ́ ò lè kúrò lójú kan, wáyà ẹ̀ ti wọ ara ògiri. Àpótí yìí, ẹ lè tú u kẹ́ ẹ gbé e sínú báàgì, kẹ́ ẹ lọ kì í bọ router ní Dallas, á sì máa ṣiṣẹ́, ẹni tó bá tẹ 911 lórí ẹ̀ ní Dallas, Houston ni wọ́n máa rán ọlọ́pàá lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. A kó kúrò ní apátímẹ́ǹtì lọ sí ilé tá a wà yìí, mo gbé àpótí, mo ki wáyà, fóònù dún, inú mi dùn. Oṣù karùn-ún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ojú ìwé account tí mo rí i pé àdírẹ́sì apátímẹ́ǹtì la ṣì ń lò fún 911. Ojú mi ṣókùnkùn lọ́jọ́ yẹn. Oṣù márùn-ún gbáko, tí Màmá bá ṣubú ní bàlùwẹ̀ tí ọmọ sì tẹ 911 bá a ṣe kọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì ni áńbúláǹsì máa lọ kàn. Ẹ jọ̀ọ́, lónìí, kì í ṣe lọ́la, ẹ lọ wo tiyín. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì VoIP ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹ 933 láti orí fóònù ilé, ẹ̀rọ kan á wá ka àdírẹ́sì tó wà lórí nọ́ńbà yín sí yín létí láìyọ ọlọ́pàá lẹ́nu. Tí 933 ò bá lọ lórí tiyín, ẹ wọ account yín kẹ́ ẹ wò ó níbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ 911 yìí, tá a bá gbé wọn síra: oníkébù ló rọrùn jù, torí ilé tí wọ́n wá so kébù sí náà ni àdírẹ́sì ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé módẹ̀mù wọn kúrò láìsọ fún wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ooma ní nǹkan kan tó wù mí gan-an, ẹ lè fi nọ́ńbà fóònù yín sí i pé tí ẹnikẹ́ni bá tẹ 911 nílé kó fi tẹ́sítì tó yín létí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìn, tó fi ọmọ àti ìyá sílẹ̀ nílé, mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọkàn.

Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́: Google Voice àti magicJack

Google Voice làwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, mi ò bá wọn jà. Láti 2009 ló ti wà, ẹ máa gba nọ́ńbà Amẹ́ríkà, pípe Amẹ́ríkà àti Kánádà láti Amẹ́ríkà níbí ò gba kọ́bọ̀, nọ́ńbà Amẹ́ríkà kan tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lẹ máa fi ṣí i. Èmi náà ní i, òun ni mo máa ń kọ sí fọ́ọ̀mù ilé ìtajà kí wọ́n má bàa fi ìpolówó ya mí ní wèrè. Ṣùgbọ́n fún ilé tí ìyá àgbà wà? Rárá o. Account lásán tí gbogbo wa ń ṣí yẹn ò lè pe 911, Google fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà. Yàtọ̀ síyẹn, tẹ́ ẹ bá pa á tì fún oṣù mẹ́ta láìfi pe ẹnikẹ́ni, wọ́n lè gba nọ́ńbà padà. Ẹ ò sì lè gbé nọ́ńbà ìlà ilé yín lọ bá wọn tààrà, ti fóònù alágbèéká ni wọ́n ń gbà, dọ́là 20. Àwọn kan máa ń ra àpótí OBi nígbà kan láti fi so Google Voice mọ́ fóònù ilé, ó dáa nígbà náà, àmọ́ wọ́n ti jáwọ́ nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àlòkù ẹ̀ fún yín.

magicJack, ẹ̀yin àgbà ìlú òkè òkun á rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ yìí. Nígbà tó jáde ní 2007, àfi bí idán, a ń rà á ránṣẹ́ sílé! Ẹ máa ki ọmọ kékeré yẹn bọ ara kọ̀ǹpútà ní Bódìjà, nọ́ńbà Houston á máa dún ní pálọ̀ Bàbá n'Ìbàdàn, ìpè sí Amẹ́ríkà ò ní gba owó kankan. Ohun tó ń jẹ́ ìṣòro nígbà náà ni pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà ní títàn, ìyẹn ní jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Èyí tó wà níta báyìí ti lè wọ ara router tààrà. Owó ẹ̀ kéré, ọdọọdún lẹ máa ń san án, tẹ́ ẹ bá pín in, kì í tó dọ́là 5 lóṣù. Òun ló ṣì dáa jù lójú mi fún ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń lo oṣù mẹ́fà ní Èkó oṣù mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́ kí báńkì ẹ̀ àti dókítà ẹ̀ máa rí i pè lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tó bá ti kúrò ní Amẹ́ríkà ṣá, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé 911 orí ẹ̀ mọ́.

Ká wá fi wọ́n wé ara wọn: ti Google ò gba owó àmọ́ kò ní 911 kò sì ní ihò tẹ́ ẹ lè ki fóònù Màmá bọ̀, magicJack gba owó díẹ̀, ó ní 911, ó ní ihò. Fún ilé, magicJack borí, kò tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àríyànjiyàn.

Ooma àti ti oníkébù, ibí ni ìjà gidi wà

Ooma báyìí: ẹ máa ra àpótí tí wọ́n ń pè ní Telo, nǹkan bíi dọ́là 100, nígbà míì ó máa ń wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpè inú Amẹ́ríkà ò ní owó oṣù. Wọ́n á kọ "ọ̀fẹ́" gàdàgbà sára páálí. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá o, owó orí ìjọba àti owó 911 wà níbẹ̀ lóṣooṣù, bíi dọ́là 5 sí 8, ó dá lórí àdírẹ́sì yín, ẹ lè ṣírò tiyín lórí ojú ìwé wọn kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní Premier fi bíi dọ́là 10 lé e lóṣù, á fún yín ní ìlà kejì lórí nọ́ńbà kan náà, á sì máa dí àwọn oníjìbìtì lọ́nà. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àgbà, ẹ má fojú kéré àwọn oníjìbìtì yìí. Wọ́n á pe Màmá pé IRS, àwọn agbowó orí, ló ń sọ̀rọ̀, pé ọlọ́pàá ń bọ̀, pé kí wọ́n lọ ra káàdì ẹ̀bùn ní ilé ìtajà kí wọ́n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀. Nomorobo, tó máa ń dá àwọn ìpè ẹ̀rọ báyẹn dúró, ọ̀fẹ́ ni lórí ìlà VoIP ilé, ẹ béèrè bóyá kọ́ńpìnì tẹ́ ẹ fẹ́ mú bá a ṣiṣẹ́.

Ti oníkébù, bíi Xfinity Voice tàbí Spectrum Voice: módẹ̀mù tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì náà ni fóònù ń gbà, ẹ ò ra àpótí míì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìpè yín kì í bá Netflix àti géèmù ọmọ du ojú ọ̀nà lórí ìlà wọn, wọ́n ya ojú ọ̀nà tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohùn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Torí náà ohùn ẹ̀ máa ń mọ́ ketekete kódà nígbà tí gbogbo ilé bá ń wo fíìmù. Ooma àti magicJack, àárín ọjà ni wọ́n ń gbà kọjá pẹ̀lú gbogbo dátà yòókù, tí íntánẹ́ẹ̀tì yín ò bá dúró déédéé, ẹ máa gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Owó wá ni ibi tí oníkébù ti ń dunni. Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lé e kì í pẹ́ títí, lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì á gòkè, owó yíyá módẹ̀mù wà ńbẹ̀, owó orí wà ńbẹ̀, ẹ á kàn jí lọ́jọ́ kan ẹ á rí i pé bílì ti sanra. Ohun tó tún burú ni pé wọ́n ti so íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù pọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa jù níbòmíì, nọ́ńbà Màmá ti di ẹrù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kúrò. Pẹ̀lú Ooma tàbí magicJack, ẹ kàn máa tú wáyà lára router àtijọ́ ẹ máa kì í bọ tuntun, ó parí.

Lójú tèmi, tí ẹni tó wà nílé ò bá fẹ́ràn wáyà àti ṣíṣe ètò, tó jẹ́ pé kébù ló ń lò, tí wọ́n sì fún un ní iye tó dáa, kó mú ti oníkébù kó sùn. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ìlà fibre tó dúró déédéé, Ooma ni kó mú, owó tó máa fi pa mọ́ láàárín ọdún méjì ò ní kéré.

Vonage ńkọ́? Kò burú, òun ló la ojú ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ wọn, àwọn àǹtí wa ló ń lò ó nígbà tá a dé. Ericsson rà wọ́n ní 2022, iṣẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ni wọ́n gbájú mọ́ jù báyìí. Owó oṣù wà, owó orí wà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀ ó máa ń ju ti Ooma lọ. Mi ò rí ìdí tí ẹni tuntun á fi ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti wà níbẹ̀ tọ́rọ̀ ẹ̀ sì ń lọ dáadáa, kó jókòó.

Ọ̀rọ̀ iná

Àwa tá a wà ní Houston ò lè fi èyí ṣeré. February 2021, yìnyín dé, ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ò níná ní Texas. July 8, 2024, ìjì Beryl wọlé, ó lé ní mílíọ̀nù méjì oníbàárà CenterPoint, kọ́ńpìnì iná wa, tó wà nínú òkùnkùn, lọ́dọ̀ tiwa ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tíná lọ ni fóònù ilé wa dákẹ́. Mo wá rántí NITEL, mo ní háà, àwọn tá à ń bú nígbà yẹn.

Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí torí ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún mi nìyí. Módẹ̀mù, router àti àpótí fóònù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kì í ju nǹkan bíi watt 20 sí 30 lọ. UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà, lè gbé e fún wákàtí kan tàbí kó lé díẹ̀. Bátìrì ńlá onílithium tí wọ́n ń gbé lọ sí pápá yẹn, èyí tó jẹ́ watt-hour 300, lè gbé e fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi inverter gbélé rí ní Nàìjíríà, ìṣirò yìí ò lè ṣòro fún yín. Ẹ má so TV mọ́ ọn o.

Àmọ́ bátìrì inú ilé nìkan ò tó, ẹ bi ara yín pé kí ló wà níta. Kébù ní àwọn ẹ̀rọ lẹ́bàá títì tó nílò iná, tí bátìrì inú wọn bá tán, íntánẹ́ẹ̀tì àdúgbò lọ, bí UPS yín bá tiẹ̀ ń tàn wìn-ìn. Fibre tó wọ inú ilé kì í sábà nílò iná kankan láàárín ilé yín àti ilé iṣẹ́ wọn, ìmọ́lẹ̀ inú wáyà gíláàsì ló ń gbé ohùn lọ, ilé iṣẹ́ wọn sì ní jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà lọ́jọ́ ìjì, fibre pẹ̀lú Ooma pẹ̀lú bátìrì nílé sàn ju kébù pẹ̀lú fóònù kébù lọ. AT&T náà ti ń ta ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní AT&T Phone – Advanced fún àwọn tí wọ́n ń gbà kúrò lórí wáyà bàbà, ó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká, ó sì ní bátìrì nínú. Ẹni tó ní àgbà tó ń ṣàìsàn nílé, kó wò ó dáadáa, ó lè tọ́ sí owó ẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà: fóònù tí kò ní wáyà, tó ń jókòó lórí báàsì, báàsì yẹn náà ń jẹ iná ògiri. Ẹ ní ọ̀kan tó ní wáyà nílé, kò ju dọ́là 15 lọ, ara àpótí ló ti ń gba iná.

Ti pípe Nàìjíríà

Mo mọ̀ pé ibí lẹ ń dúró dè. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ má torí Nàìjíríà yan fóònù ilé. WhatsApp ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù, kò sì sí kọ́ńpìnì tó máa bá ọ̀fẹ́ du iye. Ìdí tí pípe Nàìjíríà fi wọ́n lórí gbogbo wọn ni pé kọ́ńpìnì òkèèrè gbọ́dọ̀ san owó fún MTN tàbí Airtel tàbí Glo kí wọ́n tó gbé ìpè náà dé etí ẹni tẹ́ ẹ ń pè, NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, sì ti gbé iye yẹn sí sẹ́ǹtì 4.5 ní ìṣẹ́jú kan láti 2022. Tí ẹnì kan bá wá ní òun ń ta Nàìjíríà "kò lópin" ní owó kékeré, ẹ ka gbogbo ìwé kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ètò "gbogbo ayé" tó jẹ́ pé ìlà ilé nìkan ló kà ní orílẹ̀-èdè kan. Ta ló ní ìlà ilé ní Nàìjíríà mọ́? Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, orí alágbèéká ni gbogbo wa wà. Ẹ wá "Nàìjíríà, alágbèéká" nínú àtòkọ wọn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àmọ́ Màmá ní ọ̀rẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ fóònù tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, WhatsApp ò lè dé ibẹ̀. Ohun tá a ṣe fún wọn ni Boss Revolution, kọ́ńpìnì tó ń ta ìpè òkèèrè, a fi dọ́là díẹ̀ sí i, a fi nọ́ńbà fóònù ilé forúkọ sílẹ̀, Màmá á kàn tẹ nọ́ńbà Houston tí wọ́n fún wa, kò gba owó lórí ìlà ilé, lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ wọn. Mo tọ́jú nọ́ńbà Houston yẹn sórí bọ́tìnì kan lára fóònù, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní orí. Báyìí fóònù yòówù kẹ́ ẹ mú, ẹ ò nílò láti ra ètò òkèèrè lọ́wọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé nọ́ńbà yín dání

Ẹ MÁ FAGI LÉ ìlà àtijọ́ kí tuntun tó dé. Tẹ́ ẹ bá fagi lé e, nọ́ńbà lè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún kọ́ńpìnì tuntun ní bílì tó kẹ́yìn, nọ́ńbà account, àti PIN tó bá wà, kí orúkọ àti àdírẹ́sì bára mu gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti bílì, torí "Street" àti "St" nìkan ti tó láti dá a padà. Òfin FCC sọ pé gbígbé nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kò ní wàhálà nínú kò yẹ kó ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ, kódà tẹ́ ẹ bá jẹ kọ́ńpìnì àtijọ́ lówó, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti di nọ́ńbà mú, owó wọn ni kí wọ́n máa béèrè. Tèmi gba ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹni tí mo ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà, wọ́n ní PIN ò bára mu, PIN tí àwọn fúnra wọn fún mi lórí fóònù. Ìgbà tí mo sọ pé mò ń kọ ẹjọ́ sí FCC ni wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀, ojú ìwé ìfẹjọ́sùn FCC sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba owó, ẹ lò ó. Ooma máa ń gba bíi dọ́là 40 fún gbígbé nọ́ńbà wọlé, tẹ́ ẹ bá mú Premier ọdún kan wọ́n máa ń yọ ọ́.

Bóyá íntánẹ́ẹ̀tì yín gbé e

Ìpè kan kì í jẹ ju bíi kilobit 90 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lọ àti bọ̀. Wákàtí kan gbáko, bíi megabyte 80 lápapọ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ lọ ra íntánẹ́ẹ̀tì olówó ńlá nítorí fóònù. Kì í ṣe yíyára ló ń fẹ́, dídúró déédéé ni. Tí dátà bá ń dé ní gbun-gbùn-gbun, ohùn á máa já bí ìgbà tí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ sínú fáànù. Ẹ fi wáyà so àpótí mọ́ router, ẹ má lo Wi-Fi fún un. Tí router yín bá ní nǹkan tó ń jẹ́ SIP ALG nínú sẹ́tìǹgì, ẹ pa á, òun ló máa ń fa kí ẹnì kan gbọ́ràn kí ìkejì má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo íntánẹ́ẹ̀tì 5G ilé, á ṣiṣẹ́, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ti wọlé, ẹ lè gbọ́ ọ pé ó ń mì.

Tí àgbà yín bá ní bọ́tìnì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn láti fi pe ìrànlọ́wọ́, tàbí ilé ní àláàmù tó ń gba orí fóònù, ẹ pe àwọn tó ni ẹ̀rọ yẹn kẹ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó yí padà. Èyí tó ti pẹ́ nínú wọn kì í bá VoIP ṣe dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá ti so ó tán, ẹ pe ọmọ àti ìyá àgbà wá síwájú fóònù. Àwa kọ àdírẹ́sì wa gàdàgbà sórí páálí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ibi tí ojú ọmọ tó, òun fúnra ẹ̀ ló ń kà á fún wa ní gbogbo Sátidé. Màmá ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, mo wá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan péré tí wọ́n máa sọ tí 911 bá gbé e: "Yoruba." Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń dáhùn 911 ló lè pe ògbufọ̀ wọlé sórí ìlà. Kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má sì gbé fóònù sílẹ̀.